Báńgà Tí Ìlú Pè Ní Àrá

Ní Ilora, bí ẹ bá béèrè Olúṣínà oníná, ọmọdé lásán á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe pé ó lówó, kì í sì í ṣe pé ó lẹ́nu. Òun ni wọ́n ń pè bí wáyà bá já, òun ni ṣọ́ọ̀ṣì ń pè bí jẹnẹrétọ̀ bá yarí, òun náà ni mọ́ṣáláṣí ń ránṣẹ́ sí bí ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀yọ́ ló ti ń gba owó oṣù. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló máa ń wọ̀ lọ láàárọ̀, bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀ ni ẹ óò rí i tó ń ti ojú títì bọ̀, àpò irinṣẹ́ léjìká. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò fi aago jí rí. Àwọn ẹ̀gà orí igi àràbà tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, aládùúgbò rẹ̀, ni wọ́n ń jí i.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹ̀gà. Kékeré ni, ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ wọn. Àwọn àgbà ní ẹ̀gà ń sọ tẹnu rẹ̀, a ní ó ń pàtótó, àwa gan-an ni a kò gbọ́ èdè ẹyẹ. Josephine, ìyàwó Olúṣínà, kò fẹ́ràn wọn, nítorí bó bá sá aṣọ, wọ́n á su sí i. Àwọn àgbẹ̀ náà kò fẹ́ràn wọn, wọ́n a máa ya imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n a sì máa ṣá àgbàdo jẹ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ lé wọn, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gà kì í gbé ahoro. Ibi tí ènìyàn bá wà ni wọ́n ń so ìtẹ́ sí. Bí ilé bá tú, wọ́n á bá a tú.

Ó ti pé ọdún kan báyìí tí ẹ̀gà kankan kò sí lórí igi náà. Igi ọ̀hún gan-an ti di èédú láti àárín. Àmọ́ bó bá ti di agogo márùn-ún ìdájí, Olúṣínà ṣì ń gbọ́ wọn. Wọ́n a máa pàtótó nínú etí ọ̀tún rẹ̀, gbogbo wọn pátá, bí ẹni pé wọ́n pe ẹnì kan lẹ́jọ́ tí ẹni náà kò sì yọjú. Josephine tó sùn tì í kì í gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù sì ń ba Olúṣínà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún ìlú ti ọdún tó kọjá. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ń ṣe àjọ̀dún, àwọn ọdẹ á yin ṣákábùlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó parí. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, Abdulwasiu tó ń ta símẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀. Abdulwasiu ti lọ bá wọn ṣe nǹkan ní Ìbàdàn, ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń yin báńgà sójú ọ̀run tó ń tú bí òdòdó, láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti lélẹ̀ mọ́. Ó ní ṣé ìbọn àwọn baba ńlá wa la ó máa yìn títí ayé ni? Ó kó páálí mẹ́fà dé, báńgà onígi, gígùn bí apá, èyí tí a ń kì bọ páìpù tí a sì ń ṣáná sí nídìí. Nígbà tí wọ́n béèrè ta ni yóò yìn ín, ó ní, "Olúṣínà ńkọ́? Ṣé ẹni tó mọ iná mànàmáná kò ní mọ iná báńgà ni?" Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Ẹ wo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀! Bí ẹni pé ẹni tó bá ti mọ ewúrẹ́ í dà, ó mọ ẹkùn í dà nìyẹn.

Olúṣínà kì í ṣe òpè. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà: kò gbọdọ̀ sí igi nítòsí, kò gbọdọ̀ sí atẹ́gùn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ yìn ín ní pápá tó wà lọ́nà oko, níbi tí kò sí ilé. Abdulwasiu ní àwọn ènìyàn pàtàkì kò ní lè jókòó sórí àga wọn kí wọ́n rí i, kó yìn ín ní gbàgede tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá Ọ̀pádọ̀tun. Olúṣínà gbà. Kí a má purọ́, ó wù ú kí wọ́n pe orúkọ òun náà lórí ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí ó máa ń tún ṣe fún wọn látọdúnmọ́dún.

Ìparí oṣù kẹwàá ni, òjò àrọ̀kúrò kò tíì lọ tán. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, àrá ń kù lọ́ọ̀ọ́kán. Abdulwasiu ń sáré kiri, ó ń pariwo pé, "Yìn ín! Yìn ín kí òjò tó dé!" Àsìkò náà gan-an ni àwọn ẹ̀gà ń wọlé sùn. Olúṣínà ṣáná sí àkọ́kọ́. Ó fò, ó tú, àwọn ọmọdé hó yèè. Ó yin ogún, ó yin ogójì. Èéfín bo gbogbo ibẹ̀, ó ń ta ènìyàn lọ́fun. Láàárín èéfín náà ló ti rí àwọn ẹ̀gà. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà lórí àràbà, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ń forí sọ ògiri, wọ́n ń forí sọ páànù, wọ́n ń já bọ́ láti ara wáyà iná. Ó rí wọn. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó tún ṣáná sí òmíràn, nítorí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́.

Bí ó ṣe ṣáná sí èyí tó kẹ́yìn ni atẹ́gùn òjò dé. Páìpù náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, báńgà kò lọ sókè mọ́, ó fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì wọ inú ihò ńlá tó wà lára igi àràbà Bàbá Ọ̀pádọ̀tun. Àrá sán ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Gbogbo ènìyàn ti sá wọ abẹ́ kánópì, kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Òjò náà kò pẹ́ kó tó dá, kò sì débi tí omi yóò fi wọ inú ihò igi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìdákẹ́jẹ́ ló jí Olúṣínà. Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí wọn, wọn kò dún. Ó wọ bàtà, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Inú igi ti jó, igi ti là sí méjì, èéfín ṣì ń rú níbẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pọ́n lọ rẹrẹ. Ẹ̀gà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, nígbà tó dé igba ó dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn kò tíì kú, wọ́n kàn ń la ẹnu tí ohùn kò jáde. Nídìí igi náà ló ti rí àjókù igi báńgà, pẹ̀lú páálí díẹ̀ tí wọ́n kọ èdè àwọn ará Ṣáínà sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi sápò ṣòkòtò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ ronú ná ni.

Kó tó ronú tán, ìlú ti dájọ́. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà, Bàbá Ọ̀pádọ̀tun àti Èṣùbíyìí ìbátan rẹ̀ ti jọ fa ọ̀rọ̀ ààlà oko. Pèrègún la fi ń pààlà níbí. Èṣùbíyìí ní wọ́n ti hú pèrègún kúrò lójú ààlà, wọ́n sì ti lọ gbìn ín sínú oko tòun. Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ṣí fìlà níwájú ẹbí, ó ní ibi tí òun ti bá pèrègún lọ́wọ́ bàbá òun nìyẹn, bí òun bá jalè, bí òun bá purọ́, kí Ọba Kòso dá òun lẹ́jọ́. Kò sí ọmọ Ilora tí kò mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ṣàngó kì í jà lásán, olè àti òpùrọ́ ló ń bá jà. Ẹ wá wò ó: àrá sán, igi ẹ̀yìnkùlé ẹni tó búra là sí méjì, ẹyẹ orí rẹ̀ kú bẹẹrẹ. Ta ni ẹnu rẹ̀ gbà á láti ní kì í ṣe Ṣàngó?

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Ṣàngóyẹmí, nítorí ibi tí àrá bá ti jà, àwọn oníṣàngó ló ni ibẹ̀. Ìyá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, wọ́n wa ilẹ̀ ìdí igi títí di ọ̀sán, wọ́n ń wá ẹdùn àrá. Wọn kò rí nǹkan kan. Ìyá gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "A kò rí ẹdùn. Bí a kò bá rí ẹdùn, èmi kò ní fi ẹnu mi sọ pé Olúkòso ló wá síbí." Ó sọ ọ́ ketekete. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rí olè mú kì í ráyè gbọ́ àlàyé. Olúṣínà dúró láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò, ó di àjókù báńgà náà mú. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀. Ó rò ó pé wọ́n á ní òun ló jó igi, òun ló pa ẹyẹ, òun ló dójú ti ìlú níwájú àlejò. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Wọn kò bá Bàbá Ọ̀pádọ̀tun jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá a jà. Wọ́n kàn ń kí i lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti máa ń kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tó ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìpàdé ẹbí, àwo obì á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì kọjá. Omi òjò tí Josephine gbè láti orí páànù korò, ó ń rùn bí ẹ̀tù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eérú báńgà sì hàn nísàlẹ̀ àgbá. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, kòkòrò bo ewé àgbàdo gbogbo àdúgbò. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ń bú ẹ̀gà wá rántí pé kòkòrò ni ẹ̀gà fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ka ìyẹn náà sí Bàbá Ọ̀pádọ̀tun lọ́rùn, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló lé ẹyẹ lọ. Nínú oṣù kẹfà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi dandan lé e, ó pe Èṣùbíyìí, ó ní kó wá gba ilẹ̀ náà.

Olúṣínà náà gbọ́ ìyẹn. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ìka ẹlòmíràn ni wọ́n ń gé yìí, ìka tó ṣẹ̀ sì ń jẹ owó oṣù ní Ọ̀yọ́. Ariwo àwọn ẹ̀gà inú etí rẹ̀ wá pọ̀ sí i. Wọ́n ń bá a wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ń bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà tó lọ rí ní Ọ̀yọ́ fi iná wo etí náà, ó ní ariwo báńgà ló bà á jẹ́, kò sì sí oògùn tó lè mú un padà bọ̀ sípò. Olúṣínà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn wo ló mọ agogo? Àìsàn wo ló ń dún ní ìdájí, tó ń dún ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹyẹ ń wọlé sùn, tó sì ń dákẹ́ fẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń dúró de èsì?

Josephine ló bá àjókù báńgà náà pàdé nínú àpò irinṣẹ́, wọ́n fi ọ̀rá wé e.

"Bàbá Ànúolúwapọ̀, kí lèyí?"

Ó sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó. Josephine gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn.

"Ẹ lọ sọ fún Bàbá."

"Ìyá Ànú, ṣé o mọ ohun tí ìlú á sọ nípa mi?"

"Èmi kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ nípa Bàbá láti ọdún kan, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. A kì í gbé iná sórí òrùlé sùn."

Ó ní òun á lọ lọ́la. Ọ̀la dé, ó lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wọlé kí ó má baà pàdé bàbá náà.

Bàbá Ọ̀pádọ̀tun fúnra rẹ̀ ló wá. Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán gangan. Ó dúró sí ìta, kò wọlé, bí ó ti kọ́ láti máa ṣe sí gbogbo ilé láti ìgbà tí ìlú ti ń yẹra fún un.

"Olúṣínà, mo ń lọ bá Àwẹ̀ní ọmọ mi ní Iware lọ́la. N kò ní padà mọ́. Wá bá mi já iná ilé, kí wáyà má lọ gbiná nígbà tí n kò sí níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí..."

"Irinṣẹ́ rẹ dà?"

Olúṣínà gbé àpò rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ilé náà ti ṣófo, ẹrù méjì péré ló wà ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì í. Ó já iná pálọ̀, ó já ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ku yàrá kan lẹ́yìn, yàrá tí wọ́n sin bàbá Bàbá Ọ̀pádọ̀tun sí. Símẹ́ǹtì ojú oórì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Gílóòbù kan ń tàn lókè rẹ̀ tọ̀sán tòru, bó bá kú, Olúṣínà ni wọ́n máa ń pè láti wá pààrọ̀ rẹ̀. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ìta, níbi tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń ta ayò.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi tibí sílẹ̀. Kò lè gbiná."

"Já a. Òkú olè kò nílò iná."

Olúṣínà yíjú sí i. "Ta ni olè, Bàbá?"

"Èmi kò hú pèrègún," ni bàbá náà wí. "Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n Ṣàngó kì í ṣi ẹjọ́ dá. Bí kì í bá ṣe èmi, a jẹ́ pé bàbá mi ni. Mo rò ó títí, kò sí ibòmíràn tí ó lè já sí. Inú oṣù kẹfà ni mo wọlé síhìn-ín, mo dúró lé e lórí, mo pè é ní olè. Mo ní ó fi ogún olè lé mi lọ́wọ́, ó jẹ́ kí n fi orí ara mi búra lé e. Láti ọjọ́ náà n kò bu omi tútù sílẹ̀ fún un mọ́."

Olúṣínà jókòó sórí àpò irinṣẹ́.

"Bàbá, kì í ṣe Ṣàngó. Èmi ni."

Ó sọ bí páìpù ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sọ nípa ihò igi, ó sọ nípa ohun tó mú nílẹ̀ ní ìdájí, ó sì yọ ọ́ jáde. Bàbá Ọ̀pádọ̀tun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, sà."

"Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì." Bàbá náà wo òkè. "O wá bá mi pààrọ̀ gílóòbù yìí nínú oṣù kejì. Mo fún ọ ní iṣu mẹ́ta. O ti mọ̀ nígbà náà."

"Mo ti mọ̀, sà."

Olúṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàbá náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Má bẹ̀ mí. Èmi ṣì wà láàyè, tèmi kò kánjú. Òun ni mo pè lólè. Yíjú sí i, kí o sọ fún un."

Olúṣínà fi ìdọ̀bálẹ̀ yíjú sí símẹ́ǹtì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Bàbá Ọ̀pádọ̀tun rìn lọ sídìí fèrèsé, ó ṣí i gbayawu. Ariwo àwọn tó ń ta ayò wọlé.

"Gbóhùn sókè. Kí ó gbọ́, kí àwọn tó wà níta náà gbọ́."

"Èmi Olúṣínà ni mo yin báńgà tó jó igi àràbà," ni Olúṣínà wí sókè. "Èmi ni mo pa àwọn ẹyẹ. Mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́. Bàbá Ọ̀pádọ̀tun kò jalè. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ kò jalè."

Níta, ọmọ ayò kò dún mọ́. Ẹnì kan dìde lórí àga.

"Tún un sọ," ni Bàbá Ọ̀pádọ̀tun wí.

Ó tún un sọ. Ó tún ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tó gbọ́ tí orókún àgbàlagbà kanlẹ̀ gbòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Ọ̀pádọ̀tun ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lára ògiri, títí àyà rẹ̀ fi kan símẹ́ǹtì.

"Bàbá mi," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀, "ẹ má bínú. Èmi ni mo gbà wọ́n gbọ́."